Pátákó Méjì ní Sinkor

Ẹ̀yin olùkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn kan. Wọn yóò wí pé: ìlú ń gbóná, owó ọjà ń lọ sókè, àwọn olóṣèlú ń bá ara wọn fà á, ìwé ìròyìn wá ń fi ojú ewé rẹ̀ ṣòfò lórí sinimá tí kò níláárí. A gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò ní alaalẹ́, tí wọ́n ń fi owó tí wọ́n ṣa jọ wò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ bá wa rìn dé Sinkor, ní ìlú Monrovia, ní ilẹ̀ Làìbéríà, kí a jọ wo pátákó méjì.

Orúkọ Làìbéríà kò ṣàjèjì sí àwọn tí ń ka ojú ewé yìí. Láti ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1847 ni ilẹ̀ náà ti kéde ara rẹ̀ ní olómìnira, nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń bá ara wọn jagun lọ́wọ́. Ní ọdún 1934, Nnamdi Azikiwe kọ odidi ìwé kan lórí ipò Làìbéríà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ayé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1961, Monrovia ni àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà kan, tí Abubakar Tafawa Balewa wà lára wọn, ti pàdé láti jíròrò ọjọ́ ọ̀la ilẹ̀ adúláwọ̀. Nígbà tí ogun sì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG tí ó wọ ìlú náà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990. Púpọ̀ nínú wọn ni kò padà wálé. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníṣòwò wa wà níbẹ̀, fíìmù Nàìjíríà sì tẹ̀ lé wọn lọ. Nítorí náà, ohun tí a bá sọ nípa Sinkor, nípa ara wa ni a ń sọ ọ́.

Àdúgbò ńlá ni Sinkor. Títì tí wọ́n ń pè ní Tubman Boulevard la àárín rẹ̀ já. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní apá kan, àbàtà odò Mesurado wà ní apá kejì. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn òpópó rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí ewé ìwé.

Pátákó kìíní ni ti Ọ̀gbẹ́ni Alfred Sirleaf. Ní ọdún 2000, nígbà tí owó ìwé ìròyìn ju agbára tálákà lọ, tí iná mànàmáná kò sì sí láti fi wo tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin yìí kan àtíbàbà kékeré kan sí ẹ̀bá Tubman Boulevard ní Sinkor. Ó fi pátákó dúdú sí i bí ti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹfun kọ ìròyìn ìlú sí i lára. Ó sọ ọ́ ní Daily Talk. Ẹni tí ń kọjá lọ yóò dúró, yóò kà á lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, a máa gbé nǹkan kọ́ sára pátákó náà bí àmì: bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, yóò gbé akoto aláwọ̀ sánmà wọn kọ́ síbẹ̀, kí ojú lè rí ohun tí ẹnu kò lè kà. Ní ayé ìjọba Charles Taylor, wọ́n wó àtíbàbà náà. Nígbà tí àlàáfíà dé, ó tún un kọ́.

Àwọn olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ iyì ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ẹfun àti pátákó, ohun èlò iṣẹ́ wọn ni. Ẹni tí ó bá mú ẹfun, tí ó kọ nǹkan sí ojú pátákó níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ láìlanu pé òtítọ́ ni ohun tí òun kọ. Nítorí ọmọ tí ó jókòó tí ń wò ó kò ní òṣùwọ̀n mìíràn tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Pátákó kejì ni ti ilé fídíò. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Monrovia, bí ó ti wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Áfíríkà. Yàrá kan ni, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí, tí tẹlifíṣọ̀n kan tàbí méjì ń bẹ níwájú, tí ẹ̀rọ amúnáwá ń kùn lẹ́yìnkùlé. Ẹnu ọ̀nà ni pátákó wà, ẹfun náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́: bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní agogo báyìí, fíìmù oníjà ní agogo báyìí, fíìmù adẹ́rùbani nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ọ̀kan nínú àwa akọ̀wé ojú ewé yìí wà ní Sinkor ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ó rí irú pátákó bẹ́ẹ̀ ní òpópó kan tí ó yà kúrò lára Tubman Boulevard. Àwòrán kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọkùnrin kan tí ó fi aṣọ dúdú bojú, idà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kan sì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ ejò. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé apá kìíní àti apá kejì ni wọn yóò fi hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé wa sanwó, ó wọlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlá lọ.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin abojú jáde, ó fi idà gé ẹ̀ka igi kan, ó pòórá nínú èéfín. Gbogbo ilé pariwo ayọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mí, wọ́n ti bá ara wọn ní ìlú mìíràn, láàárín àwọn ènìyàn mìíràn, tí aṣọ wọn, ilé wọn, àti àwọ̀ àwòrán pàápàá kò bá ti ìṣáájú mu. Tọkọtaya kan ń jà nítorí ilẹ̀ ogún. Ẹnu wọn ń lọ, ohùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ó pẹ́, iwin kan jáde: ènìyàn kan tí ó da ìyẹ̀fun sójú, tí ó sì fi aṣọ funfun bora. Ó sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kọjá. Ó tún sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà kọjá. Akọ̀wé wa kà á dé ìgbà márùn-ún. Ìjà òru ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ń lù àti ẹni tí wọ́n ń lù. Obìnrin tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ejò kò tilẹ̀ yọjú rárá.

Ó tó ìgbà mẹ́ta tí ọmọ náà yíjú sí akọ̀wé wa, tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì ti Làìbéríà bi í pé: “Bàbá, ọkùnrin onídà yẹn dà? Ìgbà wo ni yóò padà wá?” Akọ̀wé wa sọ fún un pé kí ó ní sùúrù. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó parí, ọkùnrin náà padà dé, ó fò lẹ́ẹ̀kan, àwòrán sì dúró gbagidi. Ọ̀rọ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n pé kí gbogbo ènìyàn máa retí apá kẹta. Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pa ẹ̀rọ, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, tí kò bá ẹni tí wọ́n rán an sí nílé.

Nígbà tí akọ̀wé wa ń jáde, ó bá onílé fídíò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbọ́ tí ó ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ Ọ̀ṣun ni. Ọ̀rọ̀ di ti ará ilé.

“Ẹ káalẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú ìrìn o. Ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà, àbúrò. O kú iṣẹ́. Jọ̀wọ́, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè: ǹjẹ́ o wo fíìmù yìí kí o tó gbé àwòrán rẹ̀ síta?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ họ orí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Èmi kò wò ó rí kí ó tó di alẹ́ òní. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe gbé e kalẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi, mo mọ̀ pé òun náà kò wò ó. Àwòrán ni gbogbo wa ń rà.”

Ẹ̀yin ará, nínú gbólóhùn kan yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ wà. Nínú gbogbo àwọn tí ó tà fíìmù náà láti ìlú dé ìlú, kò sí ẹnì kan tí ó wò ó. Ẹni tí ó fi owó tirẹ̀ rà á kẹ́yìn nìkan ni ó wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe Sinkor ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí fíìmù àwọn jagunjagun abojú tí wọ́n ń pè ní ninja ń pa owó káàkiri ayé, lẹ́yìn tí Enter the Ninja jáde ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ kan ní Hong Kong tí ń jẹ́ IFD dá ọgbọ́n kan. Wọn a lọ ra fíìmù tí ojú ọjà ti gbàgbé, láti Táílàǹdì, láti Filipíìnì, láti Kòríà tàbí Taiwan. Ìbáà jẹ́ fíìmù ìfẹ́, ìbáà jẹ́ ti ọlọ́pàá, kò sí èyí tí kò dára tó. Olùdarí kan tí ń jẹ́ Godfrey Ho a wá ya ìran ìjà ninja bíi mélòó kan, wọn a sì gé e mọ́ àárín fíìmù àtijọ́ náà, bí ẹni fi àrán lẹ àkísà. Kí ó lè dàbí ìtàn kan ṣoṣo, ẹnì kan nínú ìran tuntun á gbé tẹlifóònù, ẹnì kan nínú fíìmù àtijọ́ á gbé tirẹ̀, wọn á jọ máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn rí láyé. Richard Harrison, òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá wọn ṣe díẹ̀ nínú àwọn ìran wọ̀nyí, wá rí i lẹ́yìn náà pé ojú òun wà nínú fíìmù tí ó pọ̀ ju èyí tí òun gbà láti ṣe lọ fíìfíì.

Bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà náà kò mọ́ lọ́wọ́. Bela Lugosi, òṣèré tí orúkọ rẹ̀ ń dẹ́rù ba ènìyàn láti ìgbà tí ó ti ṣe Dracula ní ọdún 1931, kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1956. Olùdarí kan tí ń jẹ́ Ed Wood ní àwòrán rẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lọ́wọ́. Ó gbé e sínú fíìmù rẹ̀ Plan 9 from Outer Space, ó sì mú ọkùnrin mìíràn tí kò jọ òkú náà rárá, ó ní kí ó máa fi aṣọ bojú kiri títí fíìmù yóò fi parí. Ní ọdún 2007, nígbà tí gbogbo ayé ń retí fíìmù ńlá kan tí ń jẹ́ Transformers, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ The Asylum gbé Transmorphers jáde, kí ẹni tí kò fara balẹ̀ kà á lè gbé èyí tí kò fẹ́ lọ sílé. Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí wo ilé ẹlòmíràn, wọ́n sì fi orúkọ ilé náà sọ ọmọ tiwọn.

Ní Gánà, nítòsí wa níhìn-ín, àwọn kan ń gbé tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ fídíò àti ẹ̀rọ amúnáwá sínú ọkọ̀ ní àwọn ọdún 1980 àti 1990, wọ́n ń fi fíìmù hàn láti abúlé dé abúlé. Ayàwòrán ni ó ń ya ìpolówó wọn sára àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, tí wọ́n sì rán pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ayàwòrán kò wo fíìmù náà. A máa ya ejò tí kò sí nínú rẹ̀, a máa ya orí tí wọ́n gé tí ẹnikẹ́ni kò gé. Ọwọ́ àwọn ayàwòrán wọ̀nyí dára púpọ̀. Àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè ń ra iṣẹ́ wọn lónìí, wọ́n ń gbé e kọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n ọmọ abúlé tí ó sanwó nítorí ejò náà, kò rí ejò.

Àwọn kan yóò wí pé: ẹni tí ó ra fíìmù olówó pọ́ọ́kú, kí ni ó ń retí? Òṣì ni ó bí i. Kí ẹ dárí jì í. Níhìn-ín ni a ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa yé gbogbo ènìyàn. A kò bá òṣì jà. Bí a bá gúnyán sínú ewé, tí a sebẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, yóò yó. Ní ọdún 1968, George Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní apá Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 114 dọ́là ṣe Night of the Living Dead. Omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, òṣèré dúdú kan, Duane Jones, ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí ó wà nínú ilé tí àwọn òkú ká mọ́. Ó bọ́ lọ́wọ́ òkú, àwọn alààyè ni ó yìnbọn pa á. Ẹni tí ó bá wo fíìmù náà ní ọdún tí wọ́n pa Martin Luther King kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ní ọdún 1992, Robert Rodriguez ṣe El Mariachi ní owó tí wọ́n sọ pé kò ju ẹgbẹ̀rún méje dọ́là lọ. Ní Wakaliga, ní ìlú Kampala, Isaac Nabwana ṣe fíìmù oníjà Who Killed Captain Alex? ní ọdún 2010. Owó tí wọ́n ná lé e lórí, wọ́n ní kò tó igba dọ́là. Ìbọn igi àti irin àlòkù ni wọ́n fi jà, kọ̀ǹpútà tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tò ni ó fi ṣe iná àti èéfín. Kò ṣe bí ẹni pé ìbọn gidi ni, kò sì fi ohun tí kò ní polówó. Aláwàdà kan ń sọ̀rọ̀ lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń bá àwọn tí ń wò ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé wò ó, inú wọn dùn.

Ṣé a ó wá gbàgbé tiwa? Hubert Ogunde ṣe Aiyé, Jáiyésinmi àti Àròpin N'Tènìyàn láàárín ọdún 1979 sí 1982. Bí a bá fi ti Hollywood wé e, owó rẹ̀ kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó wà nínú Aiyé jẹ́ ẹ̀rù tí ó ti wà nínú ilé wa kí sinimá tó dé. Àwọn àgbàlagbà mì nínú ìjókòó wọn, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí ó ń sọ. Kì í ṣe òṣì ni ó ń já ènìyàn kulẹ̀ nínú fíìmù. Irọ́ ni.

Níbi tí a dé yìí ni a óò ti fi ìka kan ara wa. Láti ìgbà tí Living in Bondage ti jáde ní ọdún 1992, tí fíìmù orí téèpù fídíò ti di òwò ńlá ní Nàìjíríà, àwa ni a ń bọ́ ojú àwọn ará Làìbéríà, ti Saró, ti Gánà àti ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Ohun iyì ni. Kò sí ìjọba kan tí ó rán wa. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n àwa náà ni a kọ́ wọn láti máa gé ìtàn kan ṣoṣo sí apá mẹ́rin kí owó mẹ́rin lè wọlé. Àwa náà ni a fi orúkọ méjì ta fíìmù kan. Àwa ni a fi ojú gbajúmọ̀ òṣèré sí iwájú páálí fíìmù tí kò ti sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì yìí, tí páálí ti kógbá wọlé, irọ́ náà ti kó lọ sínú fóònù: àwòrán kékeré tí ń pe ènìyàn kí ó tẹ òun, tí ohun tí ó wà lára rẹ̀ kò sì sí nínú ohun tí yóò rí. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nígbà tí ọmọ Sinkor bá jáde kúrò nínú ilé fídíò tí ó ń ṣépè, orúkọ ta ni ó ń pè? Ti Nàìjíríà ni.

Ọ̀ràn náà tún wúwo ju ti owó lọ ní Sinkor. Ní òru ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun ìjọba Samuel Doe wọ ilé ìjọsìn Lutheran St. Peter's ní àdúgbò yìí gan-an, wọ́n sì pa nǹkan bí 600 ènìyàn tí ó sá sí ibẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tọmọ tàgbà. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1989 kò tán pátápátá títí di ọdún 2003. Àwọn jagunjagun kan tilẹ̀ sọ ara wọn ní Rambo. A kò sọ pé sinimá ni ó fa ogun. Ìwà àwọn olóṣèlú, ojúkòkòrò àti ìyà tí ó pẹ́ lára àwọn ènìyàn ni ó fà á. Paul Richards, ọ̀mọ̀wé tí ó kọ̀wé ní ọdún 1996 nípa ogun Saró tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ṣàlàyé pé kì í ṣe ìpànìyàn nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ rí nínú fíìmù First Blood ti ọdún 1982. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí ìlú lé jáde, tí ó wọ inú igbó, tí ó sì fi ọgbọ́n orí rẹ̀ gba ara rẹ̀ là. Ara wọn ni wọ́n rí.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré. Ọmọ tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní Sinkor mú nǹkan gidi wá síbẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn sá wọ ilé Ọlọ́run kí ikú sì bá a níbẹ̀. Bóyá wọn kò tíì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí ó bá sanwó láti wo ẹ̀rù àti ìjà, ó ń wá ọ̀nà láti fojú kan ohun tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ kò lè sọ. Ó ń wá ẹni tí yóò padà dé pẹ̀lú idà láti gbèjà aláìlera. Èyí ni ó fà á tí ó fi ń béèrè pé, “Ọkùnrin náà dà?” Kí ènìyàn wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìyẹ̀fun lójú àti apá kẹta tí kò sí, kì í ṣe ìwà ọmọlúwàbí.

Àwọn kan wà ní ilẹ̀ òyìnbó tí ń wá irú fíìmù wọ̀nyí kiri láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1980, àwọn òǹkọ̀wé méjì fi Plan 9 joyè fíìmù tí ó burú jù lọ láyé. Láti ìgbà náà ni ó ti di àpéwò. A kò bá wọn jà. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún fíìmù mìíràn nílé lè fi ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ ní gbèsè ni.

Kí ni kí a ṣe? Láti ọdún 1993 ni òfin ti gbé àjọ kan kalẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa yẹ fíìmù wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ẹni tí fíìmù tọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò sí àjọ tí ó lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé fídíò láti Ìdúmọ̀tà dé Sinkor. Nítorí náà, sí àwọn tí ń ta fíìmù ni a kọ́kọ́ ń kọjú: ẹ wò ó kí ẹ tó tà á. Ìyá tí ń ta ọbẹ̀ a máa tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá rí i pé ejò kò sí nínú rẹ̀, ẹ pa ejò rẹ́ kúrò lára àwòrán. Sí àwọn tí ń ṣe fíìmù: ẹ sọ ohun tí ẹ ní, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ ní dá àrà. Àwọn ọ̀dọ́ Làìbéríà náà ti ń ṣe fíìmù tiwọn báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ àléébù wa ni wọn yóò kọ́ kí wọ́n tó kọ́ iṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a fi ọ̀rọ̀ sí kẹ́yìn, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ kò lè lé àwọn ọmọ kúrò nínú ilé fídíò. Bí ẹ bá lé wọn lọ́sàn-án, wọn yóò padà lóru. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá béèrè lọ́wọ́ wọn: Kí ni àwòrán ìta ṣèlérí? Kí ni o rí nínú ilé? Ta ni ó jàǹfààní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì? Bí ìwọ bá ní kámẹ́rà inú fóònù nìkan, báwo ni ìwọ ìbá ṣe sọ ìtàn náà? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yìí, olóṣèlú tí ó bá gbé àwòrán ejò wá bá a ní ọjọ́ ìdìbò kò ní rí i tàn jẹ.

Akọ̀wé wa kúrò ní Sinkor ní ọjọ́ kejì. Kí ó tó lọ, ó tún gba òpópó náà kọjá. Onílé fídíò ti nu pátákó rẹ̀, ó sì ń kọ ti alẹ́ ọjọ́ náà. Ó rí akọ̀wé wa, ó kí i, ó sì dá ẹfun dúró. “Ẹ̀gbọ́n,” ni ó wí, “èyí tí mo fẹ́ fi hàn lálẹ́ yìí, mo wò ó lánàá lẹ́yìn tí ẹ lọ. Kò dára.” Ó wo pátákó náà fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ orúkọ fíìmù náà sí i, ṣùgbọ́n kò gbé àwòrán kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.